Bí Èmi àti Ìyá Ìyàwó Mi Ṣe Gun Òfurufú ní Songon

Kí ni ènìyàn fẹ́ sọ nípa Abíjàǹ fún ará Èjìgbò? Ìdajì páànù tó wà lórí ilé wa, owó ibẹ̀ ló rà á. Àwọn kan nínú wa ṣì ń fi Faransé ka owó kí wọ́n tó rántí pé ilé ni wọ́n wà. Nítorí náà n kò ní sọ fún yín bí títì ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, tàbí bí ilé ṣe ga ní Plateau. Ẹ ti gbọ́ ọ. Ohun tí èmi rí kéré, òkè sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá ti gbé táyà wá sọ́dọ̀ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ mi: mo ń lẹ táyà, mo ń fún un ní afẹ́fẹ́, mo ń fi itọ́ wá ibi tó ti ń jò. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀wé. Ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ. Ní ọjọ́ kan, tíṣà sọ fún wa níbẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ní ìwúwo, pé ó wà ní ìpele-ìpele lókè orí wa bí ilé alájà. Àwọn tó kù ń tòògbé. Èmi kò tòògbé. Títí di òní n kò tíì bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àjọkẹ́ ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èwo nínú wọn ni ẹ fẹ́ ká háyà?"

Àjọkẹ́ ti kú. Abíjàǹ ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ sì wà láàyè níbẹ̀. Ìyá náà ti darúgbó, funfun sì ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré yóò ṣí i. Ìyá kọ̀. Wọn kò sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kú, nítorí ní ilẹ̀ wa a kì í sáré gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún òbí arúgbó. Lásísì, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Adjamé, sọ fún un pé Àjọkẹ́ wà ní Amẹ́ríkà, pé Ṣadé ọmọ wa bímọ síbẹ̀, pé ó lọ bá a wẹ ọmọ. Ìbàdàn ni Ṣadé wà. Kò tíì lọ́kọ.

Ìyá gba irọ́ náà gbọ́. Ó wá ní kò sẹ́ni tí yóò fi ọ̀bẹ kan ojú òun títí Àjọkẹ́ yóò fi dé, nítorí ojú Àjọkẹ́ ni òun fẹ́ kọ́kọ́ rí.

Ẹ wò bí irọ́ ṣe di okùn. Dókítà ń sọ pé bí ó bá pẹ́ sí i, iṣẹ́ náà yóò le. Lásísì pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Àna, ẹ máa bọ̀. Ẹ̀yin nìkan ló lè gbọ́ sí lẹ́nu. Ẹ sọ fún un pé Àjọkẹ́ ní kó lọ ṣe é." Mo ní mo gbọ́. N kò sọ pé màá sọ ọ́.

Ọ̀nà

Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ni mò ń gbọ́ táyà lábẹ́ mi. N kò lè ṣe kí n má gbọ́ ọ. Lẹ́yìn Kútọnu, ọ̀nà bá òkun rìn. Igi àgbọn ń kọjá lójú fèrèsé títí ó fi dà bí ẹni pé wọn kì í ṣe igi mọ́, òjìji lásán ni. Ọyẹ́ ni mo fi sílẹ̀ nílé, ó ti la ètè mi. Bí a ṣe ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, afẹ́fẹ́ ń rọ̀, ó ń tutù bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Mo sùn, mo jí, mo tún sùn. Orílẹ̀-èdè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣí ìwé láìkà á.

Ní ibodè tó kẹ́yìn, ṣọ́jà kan wo ìwé mi, ó wo ojú mi. "Anango?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo àwa tí à ń sọ Yorùbá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí, ó ṣe bí obìnrin tó ru abọ́ tánganran tó ń kiri, ó ju ìdí. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí bí ìyá ìyàwó mi ṣe tọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Obìnrin kan jókòó tì mí. Kò gbọ́ èdè mi, n kò gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí a sọdá tán, ó ra attiéké àti ẹja díndín nínú ọ̀rá, ó pín in sí méjì, ó gbé ìdajì lé orúnkún mi. Kò wò mí lójú láti mọ̀ bóyá mo fẹ́. Ẹ̀gẹ́ ni attiéké, tí wọ́n rin, tí wọ́n fi ooru omi sè, tó wóró bí gàrí tí omi kán sí. Ó kan díẹ̀ lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bu oúnjẹ fún mi láìbéèrè. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo tẹrí ba fún un.

Ó ní, "Y a rien, papa," bí ẹni ń sọ pé kò tó ọpẹ́, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Omi, lẹ́yìn náà ìròyìn

Songon wà ní ìta ìlú, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, lẹ́bàá ọ̀sà. Oko ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, ọkọ̀ ẹja wà níbẹ̀, ilé tuntun sì ń hù láàárín wọn. Lásísì kọ́ ilé kan síbẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kí ariwo Treichville, níbi tó ti ń tajà, lè fi í sílẹ̀. Nínú ọkọ̀, ó kìlọ̀ fún mi títí a fi dé ẹnu géètì.

"Àna, mo mọ̀ yín. Ẹ kì í parọ́. Ẹ máà sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni."

"Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

"Ẹ dín in kù sí i."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá jókòó sórí àga onípákó, ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀sà tí kò rí.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Ọkọ Àjọkẹ́."

"Dìde. Ohùn rẹ ti tinrin. Ọ̀nà ni àbí ebi?"

"Ọ̀nà ni, Màmá."

Ràfíátù, ọmọbìnrin Lásísì, tó ń lọ sí yunifásítì ní Cocody, gbé omi wá. Mo mu ún. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí mo fi gbé ife kalẹ̀. Ìgbà náà ni Màmá gbá aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ó yá. Ìròyìn?"

Àṣà àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ni. Wọn kì í bi àlejò ní ohunkóhun kí ó tó mu omi. Bí ó bá mu tán, wọ́n á béèrè ìròyìn. Àlejò á sọ èyí tó fúyẹ́: mo kúrò nílé ní àlàáfíà, ọ̀nà dára. Ìyẹn ni àkọ́kọ́. Èkejì, èyí tó gbé e wá gan-an, lè dúró títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tọrọ ọ̀nà láti lọ kí ó tó sọ ọ́. Màmá ti gbé láàárín wọn títí àṣà náà fi di tirẹ̀.

Mo sọ ti àkọ́kọ́. Ó mi orí.

"Èkejì ńkọ́?"

Lásísì wúkọ́. "Màmá, ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Kó sinmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà ní Ghana. Ṣùgbọ́n èkejì wà nílẹ̀ o."

Ibi tí bàlúù ń gbà

Ní òwúrọ̀, kùrukùru máa ń jókòó lórí ọ̀sà bí ẹni tí kò fẹ́ dìde. Èmi àti Màmá a máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń mu kọfí onímílíìkì, ó ń fi búrẹ́dì gígùn kàn án. Bàlúù kan kọjá lókè. Ó gbé orí tẹ̀lé ìró rẹ̀ títí ó fi parẹ́.

"Àna mi, ibo làwọn wọ̀nyí ń gbà? Èyí tó gbé Àjọkẹ́ lọ, ibo ló gbà?"

Mo wá rí ẹnu ọ̀nà kan, mo sá wọ ibẹ̀.

Mo ní, "Màmá, mo mọ ibi tí bàlúù ń gbà. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní ọjà lónìí."

Mo sọ fún un pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwa wà, bí ẹja tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Nínú ìpele tiwa yìí ni gbogbo ariwo wà: òjò, àrá, ọyẹ́, kùrukùru, èéfín. Òun ló nípọn jù, òun ló sì wúwo jù, nítorí gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lókè ló jókòó lé e lórí.

Ó ní, "Bí abọ́ tí mò ń tò léra. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń ru gbogbo wọn."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Màmá."

"Òun náà ló ń kọ́kọ́ sán."

Mo sọ pé bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè nínú ìpele yìí ni òtútù ń pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sún mọ́ oòrùn, nítorí ilẹ̀ ni oòrùn ń mú gbóná, ilẹ̀ ló wá ń mú afẹ́fẹ́ gbóná láti ìsàlẹ̀. Ó ronú sí i. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Bí ìkòkò lórí iná náà ni, ìsàlẹ̀ ló ti ń gbóná. Mo ní orí ìpele náà, níbi tí ìkùukùu kò ti lè kọjá, ni bàlúù ńlá fẹ́ràn. Níbẹ̀ ni ìpele kejì ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí òjò níbẹ̀. Ó pa rọ́rọ́.

"Àjọkẹ́ á fẹ́ràn ibẹ̀," ni Màmá wí. "Kò fẹ́ràn ariwo láti kékeré."

Òtítọ́ ni.

Lórí ọ̀sà

Ìpele kejì ni ìmọ̀ mi ti ń ṣókùnkùn. Ohun tí tíṣà ìrọ̀lẹ́ sọ tó kù ti jò lọ. Mo bá Ràfíátù wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Plateau, kí n lè bi í. Yorùbá rẹ̀ ń rìn pẹ̀lú Faransé bí ìyàwó méjì ọkọ kan, ṣùgbọ́n ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo wí. Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn èrò fi wò wá. Mémé ló ń pe ìyá bàbá rẹ̀, Tonton ló ń pè mí.

"Tonton! Ẹ̀yin lẹ ń sọ stratosphère fún Mémé?"

"N kò mọ orúkọ rẹ̀."

"Mais c'est ça! Òun náà ni. Quoi, ó gbọ́ ọ?"

"Ó gbọ́ ọ jù mí lọ."

Ọkọ̀ ń lọ jẹ́ẹ́. Ilé gogoro Plateau ń ti inú kùrukùru jáde, ìdí wọn kò hàn, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló gbé wọn dúró. Ràfíátù fi ìka tọ́ka sí i, ó ń gòkè pẹ̀lú ìka náà kọjá òrùlé wọn. Ó ní nínú ìpele kejì, ó ń gbóná bí a bá ṣe ń gòkè, nítorí irú afẹ́fẹ́ kan wà níbẹ̀, ozone, tó ń gba ìtànṣán oòrùn tó mú jù sára kí ó má baà jó wa. Ìpele kẹta tún tutù, ó tutù ju gbogbo ibi yòókù lọ. Ibẹ̀ ni òkúta tó ń já bọ̀ láti ìta ayé ti ń jóná, tí àwa ń pè ní ìràwọ̀ tó já. Ìkẹrin gbóná ju iná àgbẹ̀dẹ lọ.

"Ṣùgbọ́n bí ẹ bá na ọwọ́ síbẹ̀, Tonton, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kéré jù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló gbóná, wọn ò pọ̀ tó láti mú ọwọ́ ẹnì kankan gbóná."

Ó kọ orí sí omi. Ọrùn rẹ̀, ọrùn Àjọkẹ́ ni. Mo wo ibòmíràn.

Ó ní, "Mémé ń bi mí lójoojúmọ́ pé, Àjọkẹ́ pè? Mo ní réseau fóònù ò dára. Ó ní Amẹ́ríkà wo ni réseau ò ti dára. Tonton, ó ti sú mi."

Mo ní, "Èmi náà."

Ọkọ̀ kan èbúté, a bọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo bá gbọ́ lórí ọ̀sà ni mò ń gbé lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá a máa béèrè ibi tí a dé. Mo sọ ti òkúta tó ń jóná, ó ní ẹni tó bá ti ibi jíjìn sáré wọlé láìkan ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Mo sọ ti ìpele tó gbóná tí kò lè mú ọwọ́ gbóná. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní òun mọ ọkùnrin kan bẹ́ẹ̀ ní Treichville.

"Ó tutù, ó gbóná, ó tutù, ó gbóná," ó ní. "Ibà ló ń ṣe òkè."

Nígbà mìíràn àwa méjèèjì a gbé ojú sókè. Èmi a sì máa rò ó pé a ti ń gòkè ní tòótọ́, àga rẹ̀ àti àpótí tí mo jókòó lé, pé ọ̀sà ti di bíńtín, ewúrẹ́ àwọn ará ilé kejì ti di ẹyọ iyọ̀, ohùn Lásísì nísàlẹ̀ ń pè wá tí kò dé ọ̀dọ̀ wa. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ohùn kò ní ohun tí yóò gùn. Ara mi a fúyẹ́. Ẹrù tí mo gbé wá a sì wà lórí mi síbẹ̀.

Mo tọrọ ọ̀nà

Mo ti pẹ́ jù. Ìsọ̀ mi wà ní títì pa. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan tí Lásísì wà nílé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, mo wá tọrọ ọ̀nà."

Ó gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀. "Ọ̀nà wo? Ìròyìn kejì wà lọ́wọ́ rẹ."

Lásísì já lu ọ̀rọ̀ wa. "Màmá, ìròyìn rẹ̀ náà ni pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ojú yín. Àjọkẹ́ ló rán an."

"Ṣé ìwọ ni mo fún lómi?"

Màmá kọ ojú funfun rẹ̀ sí ibi tí mo wà.

"Àna mi, láti ìgbà tí Àjọkẹ́ ti lọ wẹ ọmọ, ta ló ń se oúnjẹ fún ọ?"

"Èmi ni, Màmá."

"Aṣọ rẹ̀ ńkọ́? Ó kó wọn lọ?"

Lásísì ń fi orí bẹ̀ mí. Mo rí i. Mo rí Ràfíátù náà ní ẹnu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú. Ọ̀rọ̀ òfurufú ti tán lẹ́nu mi.

"Rárá, Màmá. A ti pín in."

Ní ilẹ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń pín aṣọ ẹni tó wà láàyè.

Ọ̀sà ń lu etí ilẹ̀, pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn ìyálọ́jà ló fi sọ ọ́.

"Ta ló gba àdìrẹ tí mo fi ránṣẹ́?"

"Ṣadé ni."

"Ó dára. Àjọkẹ́ jìyà?"

"Kò pẹ́, Màmá. Ọwọ́ mi ló wà."

Nígbà náà ló ké. Kò pariwo, ó dà bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń jáde lára ohun tó ti kún fún ọjọ́ pípẹ́. Lásísì wó lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, mo bẹ̀rù ni. Mo rò pé ẹ ó bá a lọ."

"Lásísì. O jẹ́ kí n máa gbàdúrà ìrìn-àjò fún òkú." Ó gbá a lórí. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan náà di orí náà mú, kò jẹ́ kó dìde.

Àwọn obìnrin ilé kejì, onílẹ̀, gbọ́ ẹkún, wọ́n wọlé láìbéèrè. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kan ìyá léjìká, ó ní, "Yako, Mémé." Wọ́n kan èmi náà. "Yako, papa." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Wọ́n fi ń bá ẹni tó ṣubú kẹ́dùn, wọ́n sì fi ń bá ẹni tó ṣòfò kẹ́dùn. Ní ilé, wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ gígùn púpọ̀ fún mi, mo ti gbàgbé wọn. Èyí ṣì wà léjìká mi.

Èyí tó kù

N kò lọ. Fún ọjọ́ mélòó kan, kò sẹ́ni tó dárúkọ iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rù ń ba Lásísì pé nísinsìnyí tí kò sí Àjọkẹ́ láti dúró dè, ojú náà yóò kúkú wà bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti ba nǹkan jẹ́.

Ní òwúrọ̀ kan, Màmá ránṣẹ́ pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O ò tíì parí. Ìpele mélòó ni a ti gùn?"

"Mẹ́rin, Màmá. Ó ku ọ̀kan."

"Gùn ún."

Mo sọ ohun tí Ràfíátù sọ fún mi, bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ìkẹyìn kò ní òrùlé. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń fọ́n ká, ó ń fọ́n ká, títí ẹyọ kan kò fi ní pàdé ẹyọ kejì mọ́. Àwọn kan fò sókè, wọ́n tún já padà sílẹ̀. Àwọn kan fò, wọn kì í padà. Kò sì sẹ́ni tó lè fi ìka tọ́ ibì kan kó ní, ibí ni afẹ́fẹ́ ayé parí sí.

"Kò ní ògiri?"

"Kò ní."

"Kò ní géètì?"

"Kò ní, Màmá."

Ó mu kọfí rẹ̀ títí ó fi tutù. Kùrukùru gbéra lórí ọ̀sà, omi hàn, òun kò sì rí i.

"Èmi wá jókòó ti ilẹ̀kùn ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, mo ń retí Àjọkẹ́," ó ní. "Lọ sọ fún Lásísì kó pe dókítà rẹ̀."

Ojú

Ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n fẹ́ tú u, Lásísì ti ro ohun kan. Nítorí pé Ràfíátù jọ Àjọkẹ́, ó gbé e dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì gan-an, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní kó rẹ́rìn-ín. Èmi dúró sẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri, níbi tó yẹ àna.

Nọ́ọ̀sì yọ òwú náà. Màmá ṣẹ́jú, omi dà lójú rẹ̀, ó tún ṣẹ́jú. Ó wo Ràfíátù fún ìgbà díẹ̀.

"O lẹ́wà," ó ní. "Yàgò."

Ó wo Lásísì. "Gbogbo ikùn yìí, tìrẹ ni?" Nọ́ọ̀sì kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ Àjọkẹ́ dà?"

Mo sún mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wolẹ̀. A kì í tẹjú mọ́ ìyá ìyàwó ẹni.

"Gbójú sókè," ó ní. "Ìwọ lo rí i kẹ́yìn. Jẹ́ kí n wo ojú tó rí i kẹ́yìn."

Mo gbójú sókè fún un.